Àlàfo Kíkẹ́

Ní Mùṣín, olórin tí kò bá rí olówó kì, ebi ni yóò máa kì í. Ọláṣùpọ̀ mọ èyí, ó sì kọ etí dídi sí i. Gìtá kan ṣoṣo ni ó ní, ó ń dé àkẹtẹ̀ fẹ̀ǹfẹ̀ bí àwọn darandaran Amẹ́ríkà tí ó ti inú àwo orin wọn kọ́ gìtá. Kọ́bọ́ì ni wọ́n ń pè é. Ó fi orin bú àwọn sójà tí ń fi kòbókò na èèyàn lójú títì, wọ́n tì í mọ́lé, rédíò ò sì gbé orin rẹ̀ mọ́. Nígbà tí ó jáde, ó tún orin náà kọ, ó fi ẹsẹ̀ kan kún un. Olóríkunkun ni, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, ṣùgbọ́n kò ki ẹnikẹ́ni rí nítorí oúnjẹ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ràn rẹ̀.

Nígbà tó yá, ibà pa Kíkẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí Àríkẹ́ ìyàwó rẹ̀ bí fún un. Ọláṣùpọ̀ kọ orin fún ọmọ náà. Láàrin orin, níbi tí ó yẹ kí ó ti pe orúkọ rẹ̀, kò lè pè é. Ó dákẹ́, ó jẹ́ kí gìtá nìkan máa lọ. Nírọ̀lẹ́, Àríkẹ́ a máa jókòó tì í. Bí ó bá kan àlàfo yẹn, ìyá ọmọ a rọra pe Kíkẹ́ sí i. Ibẹ̀ nìkan ni ọmọ náà kù sí láyé.

Olóyè Adéníran, tí ó ní ilé iṣẹ́ àwo orin ní Ìlúpéjú, gbọ́ orin náà, ó sunkún. Bẹ́ẹ̀ ni, olówó náà ń sunkún.

“Ọláṣùpọ̀, jẹ́ ká ṣe é ní rẹ́kọ́ọ̀dù. Mi ò ní ní kó o kì mí.”

“Ẹ búra, sà.”

“Mo fi ìyá mi búra.”

Kò sì parọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo olórin Èkó ló mọ̀ pé bí olórin bá dákẹ́ tí gìtá ń dá lọ, àyè orúkọ olówó nìyẹn. Nígbà tí Ọláṣùpọ̀ ti lọ, Olóyè pe elégbè kan wọlé, ó ní kí ó dí àyè náà.

Iwájú ṣọ́ọ̀bù kan tí ń ta àwo orin ní Ojúwòyè ni Ọláṣùpọ̀ ti gbọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù náà. Ohùn tirẹ̀ ni, gìtá tirẹ̀ ni. Ó kan àlàfo, ohùn ẹlòmíràn bú jáde: “Adéníran ọmọ ọlọ́lá, erin ń rìn!” Àwọn èèyàn ń jó. Ikú ọmọ rẹ̀ ni wọ́n ń jó sí.

Ṣàíbù, oníbàárà ilé ọtí tí Ọláṣùpọ̀ ti máa ń kọrin, rí i. “Kọ́bọ́ì! Ìwọ náà ti wá jẹun! Gbogbo ṣàkàrà yẹn, àṣé ebi lásán ni!”

“Ṣàíbù, ọmọ mi ni mo kọ ọ́ fún.”

“Ọmọ wo? Ṣé Olóyè lo bí ni?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Inú bí i, ó gbé gìtá lọ sí ilé ọtí náà, kí wọ́n lè gbọ́ orin náà bí ó ṣe rí gan-an. Ó kọ ọ́ dé àlàfo, ó dákẹ́. Gbogbo ilé ọtí gbè é: “Adéníran ọmọ ọlọ́lá, erin ń rìn!” Wọ́n rò pé àwọn ni ó fi àyè sílẹ̀ fún.

Ó padà sílé. Láti àárọ̀ ni giramafóònù ayálégbé ẹ̀gbẹ́ wọn ti ń kọ orin náà. Àríkẹ́ ń fọṣọ lẹ́yìnkùlé, ó ń kọ ọ́ lábẹ́lẹ̀. Ọláṣùpọ̀ dúró, ó ń retí orúkọ ọmọ rẹ̀. Ó kan àlàfo. Adéníran ni ó jáde lẹ́nu Àríkẹ́.

Obìnrin náà fi ọwọ́ ọṣẹ gbá ara rẹ̀ lẹ́nu. Ó tún un bẹ̀rẹ̀, Adéníran tún jáde. Ó wo ọkọ rẹ̀, omi ọṣẹ ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀.

“Bàbá Kíkẹ́,” ó ní, “mi ò rí i níbẹ̀ mọ́.”