Kílò Tí Àyọ̀kẹ́ Fi Pamọ́

Àyọ̀kẹ́ ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ bí oyún ìyàwó ọmọ òun ṣe tó. Ẹ má tíì bá a wí. Ẹ̀ẹ̀mejì loyún ti bàjẹ́ lára Fàòsíyà, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni gbogbo àdúgbò Òkèrèwè sì ti gbọ́ kó tó bàjẹ́. Àyọ̀kẹ́ búra pé ojú ayé ò ní í kan ẹ̀kẹta yìí.

Àfi nọ́ọ̀sì ọsibítù tó lọ fi nǹkan sórí fóònù Fàòsíyà. Ó ní, "Ẹ máa gun òṣùwọ̀n ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, kí ẹ tẹ kílò yín síbí. Tó bá ṣàdédé fò sókè, ewu ni; àwa náà á rí i, a ó pè yín kíá."

"Ẹ̀yin wo?" Àyọ̀kẹ́ figbe ta. "A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ẹ̀yin fẹ́ wọn èyí tó wà nínú!"

Nígbà tí wọ́n délé, ó gba fóònù náà. Fàòsíyà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé.

"Ṣé nọ́ọ̀sì ló bí Adésọjí fún ọ ni?"

Ọ̀rọ̀ parí. Ọjọ́ Ẹtì dé, ọjọ́ Ẹtì lọ, Àyọ̀kẹ́ ló ń tẹ irọ́ síbẹ̀: méjìdínláàádọ́rin, mọ́kàndínláàádọ́rin. Fóònù á ní, "Ẹ kú iṣẹ́, ìyá rere." Inú ìyá àgbà á dùn ṣìnkìn.

Nínú oṣù kẹjọ oyún náà, ẹsẹ̀ Fàòsíyà wú, sálúbàtà ò wọ̀ ọ́ mọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, òṣùwọ̀n fò láti mẹ́rìnléláàádọ́rin sí méjìdínlọ́gọ́rin.

"Màámi, orí ń fọ́ mi, ojú mi sì ń ṣe bàìbàì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ ti òní bó ṣe rí."

Àyọ̀kẹ́ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó kún rọ́bọ́rọ́bọ́. "Ara ọlọ́mọ nìyẹn, ìyàwó mi." Ó tẹ àádọ́rin.

"Ẹ kú iṣẹ́, ìyá rere."

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, gìrì gbé Fàòsíyà ṣánlẹ̀ nídìí ẹ̀rọ omi. Adésọjí ọkọ rẹ̀ gbé e dé ọsibítù. Wọ́n rí ìyá gbà sílẹ̀. Ọmọ ò ké.

Nọ́ọ̀sì ṣí fóònù, ó wo nọ́ńbà, ó tún wo ẹni tó wú sórí bẹ́ẹ̀dì. "Ta ló ń tẹ eléyìí? Ká ní òótọ́ lẹ tẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì ni, ọjọ́ yẹn gan-an la à bá ti pè yín!" Àyọ̀kẹ́ tó sá fún ojú ayé, ọwọ́ ara rẹ̀ ló ṣe é.

Nírọ̀lẹ́, Fàòsíyà lajú. Kò sẹ́lòmíràn nítòsí rẹ̀ àfi Àyọ̀kẹ́.

"Màámi, ọmọ mi dà? Kílò mélòó ni?"

Wọ́n ti wọ̀n ọ́n lójú Àyọ̀kẹ́ kí wọ́n tó fi aṣọ wé e.

"Kílò méjì," ló wí. Bó ṣe rí ló sọ ọ́.