Omi Tí Bámgbóṣé Bèèrè

Nígbà tí Simon Ìbítóyè kọ̀wé fi iṣẹ́ akọ̀wé sílẹ̀ ní ọ́fíìsì Ajẹ́lẹ̀ ní Kàbà, àwọn ará ilé rẹ̀ rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Ta ní í gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sọ nù? Iṣẹ́ tí ènìyàn ń jókòó ṣe lábẹ́ páànù, tí aṣọ funfun kì í dọ̀tí lára rẹ̀, tí àwọn àgbààgbà tó bá wá sí ọ́fíìsì ń kí i kí wọ́n tó sọ ohun tí wọ́n bá wá. Bàbá rẹ̀, Isaiah, ẹni tó fi oko òwú rán an nílé ìwé, kò bá a jà. Ó kàn jókòó sórí àpótí níwájú ilé, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

"Ìbítóyè," ó wí nígbà tó pẹ́, "mo ti rò pé ìwọ ni yóò yọ ẹsẹ̀ ìdílé wa kúrò nínú ẹrẹ̀."

"Bàbá, ọsibítù ni mò ń lọ. N kò padà sóko."

"Kí lo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? Ṣé o ti di dókítà ni?"

"Èmi ni n ó máa bá mọ́tò aláìsàn lọ gbé àwọn tí wọn kò lè fẹsẹ̀ rìn wá."

Bàbá rẹ̀ mi orí. "Agbókùú lo fẹ́ dà," ó wí, ó dìde, ó sì wọlé.

Ìbítóyè kò lè ṣàlàyé fún un. Lásìkò ọyẹ́ tó kọjá ni lọ́rì kan tó kó òwú àti èrò dojú dé ní kọ́nà tó wà nísàlẹ̀ ọ́fíìsì náà. Wọ́n kó àwọn tó fara pa wá sábẹ́ igi máńgòrò tó wà níwájú ọ́fíìsì, nítorí pé ibẹ̀ ni ibòji tó sún mọ́ wọn jù. Àwọn akọ̀wé tò sójú fèrèsé, wọ́n ń wòran. Ìbítóyè gbé korobá omi, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá wọn, ṣùgbọ́n nígbà tó dé ibẹ̀, kò mọ ẹni tí ì bá fún lómi, kò sì mọ ohun mìíràn tó lè ṣe. Obìnrin kan tí igi lọ́rì tẹ̀ mọ́lẹ̀ láyà rí aṣọ funfun lọ́rùn rẹ̀, ó di ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ mú.

"Dókítà, ẹ mà dé! Ọpẹ́ o."

"Màmá, èmi kọ́ ni dókítà o."

Obìnrin náà kò gbọ́. Ó ń dúpẹ́ lọ ni, ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí ọpẹ́ náà fi dákẹ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹlòmíràn ló bá Ìbítóyè tú ìka rẹ̀ kúrò lára ṣòkòtò. Láti ọjọ́ náà, bó bá jókòó ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ọwọ́ rẹ̀ á wúwo bí ọwọ́ ẹni ẹlẹ́ni. Nígbà tó wá gbọ́ pé ọsibítù ìjọ tó wà lẹ́yìn ìlú ti gba mọ́tò aláìsàn, pé wọ́n sì ń wá ẹni tó gbọ́ èdè dókítà òyìnbó, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè kó tó lọ.

Wọ́n kọ́ ọ, ó sì mọ̀ ọ́n. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń fi pátákó ti egungun tó dá, ó mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ fi ń dá, ó sì mọ ìgbà tí iṣan ọwọ́ bá ń sáré sí ikú. Wọ́n kìlọ̀ kan fún un ju gbogbo ìkìlọ̀ lọ: ẹni tí inú rẹ̀ bá fara pa, ohunkóhun kò gbọdọ̀ gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kọjá, omi pàápàá, nítorí pé dókítà lè fẹ́ la inú rẹ̀.

Ó ti ń ṣe iṣẹ́ náà bọ̀ dáadáa nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Abraham gun kẹ̀kẹ́ wọ ọgbà ọsibítù, ó rẹ̀ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè sọ̀rọ̀ tán. Láti Òkè-Bùkún ló ti wá. Bámgbóṣé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló já láti orí ọ̀pẹ.

Wọ́n gbé Abraham sínú mọ́tò, wọ́n sì gbéra. Ọládipọ̀ ni awakọ̀, àgbàlagbà tó ti wa ọkọ̀ fún àwọn sójà ní Bọ́mà nígbà ogun, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kí wọ́n tó rìn jìnnà sí ọsibítù, wọ́n gba orí afárá onígi kan kọjá. Odò tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kò ju ohun tí ewúrẹ́ lè fò lọ.

Lórí ẹní níwájú ilé ni wọ́n bá Bámgbóṣé. Rhoda ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀ tì í, ó ń fi ìṣẹ́tí ìró lé eṣinṣin lójú rẹ̀. Ó yà wọ́n lẹ́nu pé ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín.

"Okun o, dókítà," ó kí i lédè ilé wọn. "Ọ̀pẹ tí mo ti ń gùn láti ìgbà èwe ló sọ mí sílẹ̀ bí ẹni sọ ìdì ẹyìn."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Níbo ló ń dùn yín?"

"Itan yìí ni. Ẹ bá mi dì í, ẹ̀gẹ́ mi ń dúró dè mí lóko."

Itan náà ti dá lóòótọ́. Ìbítóyè fi pátákó tì í, ó sì dì í bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, àwọn ará àdúgbò sì ń yìn ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbé ọwọ́ lé ikùn ọkùnrin náà, ó le koránkorán bí awọ tí a sá sóòrùn. Ó wo ahọ́n rẹ̀, ó rí i pé ó ti funfun. Ó di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, iṣan tín-ín-rín kan ń sáré níbẹ̀. Ó mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ń ya nínú ikùn náà, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ fún Rhoda. Ó kàn ní kí wọ́n tètè gbé e.

Oòrùn ń ràn kankan nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, kò sí òjò lọ́nà. Orí òkè ni òjò ọ̀hún ti rọ̀. Kí wọ́n tó dé odò ni wọ́n ti ń gbọ́ ariwo rẹ̀. Nígbà tí wọ́n yọ sí i, Ọládipọ̀ tẹ bíréèkì. Omi pupa ti bo ẹ̀bá ọ̀nà níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Igi afárá ti lọ.

Ọládipọ̀ ṣẹ́ ọ̀pá, ó wọ inú omi náà. Kò tí ì rìn jìnnà tó fi mù ún dé àyà, tó sì ń yí i bí ewé. Ó fi ipá padà sí bèbè odò.

"Kò ṣeé là kọjá," ó wí.

"Èmi á gbé e sórí," Abraham wí. Ó ti ń bọ́ ẹ̀wù. "Ẹ jẹ́ kí n gbé e, èmi àti ẹ̀yin méjèèjì."

"Bí ẹsẹ̀ rẹ bá yẹ̀, kò sí èyí tí a ó rí nínú yín," Ọládipọ̀ dá a lóhùn. "Mo ti rí irú rẹ̀ rí. Jẹ́ kí omi fà."

Wọ́n jókòó ti omi. Ìbítóyè ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn mọ́tò kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí ọkùnrin náà. Ọsibítù kò jìnnà mọ́. Bí kì í bá ṣe ti odò yìí ni, dókítà ì bá ti máa fọ ọwọ́ nísinsìnyí láti la inú rẹ̀.

"Dókítà," Bámgbóṣé pè é, "òùngbẹ ń gbẹ mí."

"Ẹ mú un mọ́ra, ẹ̀gbọ́n. Bí a bá ti kọjá."

"Omi ló ń hó létí mi yìí."

"Kò dára fún inú yín ni. Wọ́n lè fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún yín."

Bámgbóṣé tún rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ eyín. Rhoda wo ojú Ìbítóyè, ó sì wo odò. Nígbà tó ṣe, ọkùnrin náà kò pe dókítà mọ́, ìyá rẹ̀ tó ti kú ló ń pè, pé kí ó bu omi fún òun nínú ìkòkò ìdí ilẹ̀kùn. Òógùn tútù ń ṣàn lójú rẹ̀. Rhoda sọ̀ kalẹ̀, ó ti etí ìró rẹ̀ bọ omi, ó sì gbé e bọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́," Ìbítóyè wí. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Nítorí kó lè yè ni."

Obìnrin náà dúró. Omi ń kán sílẹ̀ láti etí aṣọ náà. Ó gbọ́ ohun tí ọmọ ọsibítù sọ, ó sì fún aṣọ rẹ̀ gbẹ.

Ìbítóyè jáde lọ wo odò. Ó padà wá, ó tún jáde lọ. Omi náà kò dín. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú àpótí rẹ̀, báńdéèjì, áyódìn, pátákó, òwú, kò sí èyí tó lè wọ inú ikùn ènìyàn lọ di ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń ya. Ó di ọrùn ọwọ́ Bámgbóṣé mú, nítorí pé kò sí ohun mìíràn tó lè dì mú. Iṣan náà ń sáré, ó ń ta kọsẹ̀, ó tún sáré díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìka rẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Síbẹ̀ kò fi ọwọ́ náà sílẹ̀. Abraham ló kọ́kọ́ ké.

Rhoda kò ké lójú ẹsẹ̀. "Omi lásán ló bèèrè," ó wí, bí ẹni ń ṣàlàyé fún àlejò. "Ṣé omi yẹn ni ì bá pa á?"

Ìbítóyè gbé ọwọ́ tó dì mú náà lé Bámgbóṣé láyà.

Wọ́n yí mọ́tò padà sí Òkè-Bùkún. Kò sẹ́ni tó ronú ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Bí àwọn ọmọdé ṣe gbúròó mọ́tò, wọ́n tú jáde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ní Bámgbóṣé ti dé, wọ́n ti wò ó sàn. Àwọn obìnrin ń ti ilé kọ̀ọ̀kan kí wọn, "Okun o! Okun o!" Ọládipọ̀ kò lè dúró, kò sì lè sáré. Ó ń wakọ̀ lọ jẹ́jẹ́ láàárín wọn, ó gbójú sílẹ̀, títí Rhoda fi bú sẹ́kún lẹ́yìn, tí àtẹ́wọ́ náà sì dákẹ́ láti iwájú dé ẹ̀yìn.

Ibẹ̀ ni wọ́n sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Abraham kó àwọn ọkùnrin ìlú jọ pẹ̀lú àdá àti àáké, wọ́n bá mọ́tò lọ sódò láti tẹ́ igi mìíràn. Odò ti fà, kò kọjá ọrùn ẹsẹ̀ mọ́. Ìbítóyè wọ inú rẹ̀, ó ń bá wọn ti igi. Kò sẹ́ni tó bú u. Abraham tilẹ̀ ní kó ṣọ́ra, pé òkúta ibẹ̀ ń yọ̀.

Nígbà tí wọ́n dé ọsibítù, dókítà òyìnbó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. Ó ní Ìbítóyè ti ṣe ohun tó yẹ, pé bí wọ́n tilẹ̀ gbé e dé, àfàìmọ̀ kó má ti pẹ́ jù fún irú ọgbẹ́ inú bẹ́ẹ̀.

"Sà, omi náà ńkọ́?"

Dókítà yọ awò ojú rẹ̀. "Ẹni tí yóò dé ọ̀dọ̀ mi ni òfin yẹn wà fún."

"Mo rò pé yóò dé ọ̀dọ̀ yín ni, sà."

Dókítà ń fi etí aṣọ nu awò ojú náà. Ìbítóyè jáde. Ọládipọ̀ ti ṣí ẹ̀yìn mọ́tò sílẹ̀ lábẹ́ igi, ó ń fọ ẹrẹ̀ inú rẹ̀. Àkísà kan ṣẹ́kù nínú korobá. Ìbítóyè mú un, ó fún omi ara rẹ̀ dànù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a nu ilẹ̀ mọ́tò náà.