Ohun tí Sàní Kò Lè Pa Rẹ́

Ìgbájú àkọ́kọ́ tí Ọláníkẹ́ jẹ, ètè rẹ̀ bẹ́. Kó tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, wọ́n ti fi irun wọ́ ọ lulẹ̀ nínú kíláàsì rẹ̀ ní Godomey, lọ́sàn-án gangan, nígbà tí àwọn ọmọ ti lọ jẹun.

Àwọn ọmọ afọ́jú ni Ọláníkẹ́ ń kọ́. Nítorí wọn ló ṣe kọ ètò kọ̀ǹpútà kan tó ń ka ìwé sókè ní èdè Nàgó. Kò tà á. Ó gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ṣí inú rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu: kí ẹni tó bá wù mú un, kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe tún un ṣe. Ohun tó bí Sàní nínú nìyẹn. Irú ètò bẹ́ẹ̀ ni òun ń tà fáwọn ilé ẹ̀kọ́, kò sì sẹ́ni tó ń rà á mọ́.

“Pa á rẹ́,” ni Sàní wí láti ẹnu ọ̀nà. Àwọn géńdé méjì tó kó wá ló ń lu Ọláníkẹ́.

“Mi ò ní í pa á rẹ́.”

Ọ̀kan na ọwọ́ ọ̀tún obìnrin náà sórí tábìlì, èkejì fi òòlù lù ú. Ọláníkẹ́ gbọ́ bí egungun ṣe ró kó tó gbọ́ igbe ara rẹ̀. Nígbà tí òòlù tún gòkè, ó sọ ọ̀rọ̀ aṣínà tó fi ń wọ inú ètò náà fún wọn. Sàní pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ níṣojú rẹ̀. Wọ́n fọ́ kọ̀ǹpútà náà túútúú, wọ́n ta á nípàá níhà, wọ́n bá tiwọn lọ.

Àwọn mẹkáníìkì tó wà lójú títì mú ọ̀kan nínú àwọn géńdé náà. Wọ́n lù ú títí ẹ̀jẹ̀ fi bò ó lójú, òun ló sì mú ọlọ́pàá débi tí Sàní sá sí.

Ní ọsibítù, ìtìjú ń dun Ọláníkẹ́ ju ọwọ́ lọ. Nígbà tí Safurat, aláṣọ ọjà Dantokpa tí ọmọ rẹ̀ wà ní kíláàsì náà, wá kí i, ògiri ni Ọláníkẹ́ kọjú sí.

“Òòlù kan péré, mo ti jẹ́wọ́. Mo ti sọ ohun àwọn ọmọ nù.”

“Ta ló ní ó nù, Tàǹtí?” Safurat fa fóònù yọ. “Ètò náà rèé nínú fóònù tèmi. Ẹ̀gbọ́n mi Àbídéènì ń pẹja ní Fidjrossè, kò mọ̀wé. Ètò yín ló ń ka ìròyìn ìjì fún un kó tó wọ ojú omi. Àwọn nọ́ọ̀sì kan sì ti yí i sí èdè Ẹ̀gùn fáwọn aláboyún. Àná ni wọ́n tún gbé e síta fún gbogbo ayé.”

Ó tẹ fóònù náà, ohùn kan sì ń sọ Ẹ̀gùn. Ọláníkẹ́ rọra yíjú padà. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

Ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún Ọláníkẹ́ kò ká mọ́. Nígbà tó padà sẹ́nu iṣẹ́, ọwọ́ òsì ló fi ń tẹ ẹ̀kọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Gbogbo àṣìtẹ̀ rẹ̀ ni ètò náà ń kà sókè, àwọn ọmọ sì ń rẹ́rìn-ín ṣáá.