Omi Kẹta

"Tún un tọ́ wò," ni ọ̀gá wí. "Má kánjú."

Ife funfun mẹ́ta tí wọ́n bu tíì sí ló wà lórí tábìlì. Onímú, atọ́wò ilé iṣẹ́ wọn, fi ṣíbí bu ti àárín, ó fà á sẹ́nu pẹ̀lú ariwo bí wọ́n ṣe ń ṣe é nídìí iṣẹ́ náà, ó yí i ká ẹnu, ó tu ú sínú garawa. Ó korò díẹ̀, adùn sì tẹ̀ lé e. Ohun tí ahọ́n rẹ̀ rí nìyẹn. Imú rẹ̀ kò rí nǹkan kan. Ó ti pé oṣù mẹ́ta tí imú náà kò rí nǹkan kan.

"Ṣé káńfọ̀ ni àbí kì í ṣe káńfọ̀?" ọ̀gá bi í.

"Káńfọ̀ ni, mà."

Ọ̀gá ló kọ́kọ́ dárúkọ káńfọ̀. Onímú kàn gbà á lẹ́nu rẹ̀ ni.

Tíì eléwé láti Ṣáínà ni ilé iṣẹ́ wọn ń tà, irú èyí tí ewé rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀ lójú, tí wọn kì í lọ̀, tí wọn kì í sì í dì sínú àpò wẹ́wẹ́ olókùn. Páálí méjìlá ni àwọn oníbàárà ti dá padà láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n ní ó ń rùn bí àpótí aṣọ ìyá àgbà.

Bàbá Sítọ̀ọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Ọdún kọkànlélógún rèé tó ti ń tọ́jú sítọ̀ọ̀ náà.

"Ọ̀gá, mi ò fi káńfọ̀ sí sítọ̀ọ̀ yẹn rí. Ṣé èmi ni mi ò mọ̀ pé ewé tíì máa ń fa òórùn mọ́ra? Èmi tí mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bó ọsàn níbẹ̀!"

"Aáyán ńkọ́? Ṣebí ẹ fẹjọ́ aáyán sùn mí lóṣù tó kọjá."

"Mo fẹjọ́ wọn sùn ni. Mi ò fi káńfọ̀ lé wọn."

"Bàbá, ọjọ́ tí ẹrù yìí dé, Onímú tọ́ ọ wò, ó fọwọ́ sí i pé ó dáa. Ìwé náà rèé. Tó bá dáa nígbà tó wọlé, tí kò wá dáa nígbà tó jáde, níbo ló ti bàjẹ́?"

Bàbá Sítọ̀ọ̀ yíjú sí Onímú. Kò bínú rárá. "Tó bá ti ní ó dáa, a jẹ́ pé ó dáa. Imú yẹn kì í purọ́."

Ibi tó yẹ kí Onímú ti la ẹnu nìyẹn. Kò là á. Kò yẹ ká máa wá ọ̀rọ̀ dídùn kiri fún un: ẹ̀rù ló bà á. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n ní kí Bàbá Sítọ̀ọ̀ máa lọ sílé.

Ibà kan ló kọlu Onímú nígbà òjò. Ibà lọ, ọ̀fìnkìn lọ, òórùn kò padà. Ọbẹ̀ jóná níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ kan, àfìgbà tí ọmọ rẹ̀ sáré wọlé wá pa iná. Níbi iṣẹ́, ó ń fi ojú wo ewé, ó ń fi ahọ́n wá kíkorò, ó ń wo àwọ̀ omi. Ìyókù, ó ń méfò. Ẹrù tó dáa ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń wọlé, nítorí náà ó ń méfò, ó sì ń ṣe wẹ́kú, títí eléyìí fi dé.

Ta ló sì sọ ọ́ di atọ́wò? Bàbá Sítọ̀ọ̀ náà ni. Agbálẹ̀ ni Onímú nígbà yẹn. Bàbá rí i níbi tó ti ń gbóòórùn ewé tí wọ́n ti mu omi rẹ̀ tán, tó ń dá sọ èyí tó jẹ́ ìkórè àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀ kó tó dà á nù. Ó fà á lọ́wọ́ lọ bá ọ̀gá. Ó ní, "Imú ajá ni obìnrin yìí ní. Ẹ gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ fún un ní ṣíbí."

Lọ́sàn-án Sátidé, Onímú ra búrẹ́dì méjì, ó lọ sílé Bàbá Sítọ̀ọ̀. Kò mọ ohun tó fẹ́ sọ. Ìyàwó Bàbá ló ṣílẹ̀kùn.

"O ṣé tó o wá. Wọlé, kó o bá mi gbà á lọ́wọ́ ewé. Àtàárọ̀ ló ti ń se é. Tó bá kù díẹ̀, á se èmi náà mọ́ ọn."

"Ìwọ gan-an ni mo ń retí," Bàbá pariwo láti pálọ̀. "Jókòó, jókòó."

Ìkòkò tíì kékeré kan wà níwájú rẹ̀, pẹ̀lú páálí kan nínú èyí tí wọ́n dá padà. Ó ní òun bẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ dírẹ́bà ilé iṣẹ́. Ó ṣí ìdérí kẹ́tù sílẹ̀.

"Jẹ́ kí omi náà sinmi díẹ̀. Èyí tó ń hó yóò bó ewé lára, á wá korò lásán. Ohun tí mo rò rèé. Òórùn tó bá kàn bà lé ewé nínú sítọ̀ọ̀, omi àkọ́kọ́ á fọ̀ ọ́ lọ. Àmọ́ èyí tó bá bá a gbé inú ọkọ̀ fún oṣù méjì lórí òkun, kò ní lọ bọ̀rọ̀." Ó da omi sí i, ó dúró, ó dà á nù. Ó da ìkejì, ó tún dà á nù. Ó da ìkẹta sínú ife, ó gbé e fún Onímú. "Omi kẹta nìyí. Tó bá ṣì ń rùn, a jẹ́ pé ó ti rùn kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Èmi gbọ́ ọ, àmọ́ àgbàlagbà ni mí. Ìyàwó mi náà gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ta ni yóò ka tìyàwó mi sí? Tìẹ ni ọ̀gá máa gbọ́."

"Bàbá, ṣebí èmi ni mo fọwọ́ sí i?"

"Bóyá ibi tó dáa ni wọ́n ti bù fún ọ lọ́jọ́ náà. Ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni."

Ó ti bá a wá àwáwí sílẹ̀. Onímú gbé ife náà sún mọ́ imú. Ooru lásán ni. Ó mọ ohun tó yẹ kó sọ, káńfọ̀ ni, òótọ́ sì ni ì bá jẹ́. Ṣùgbọ́n irọ́ ni yóò tún fi sọ òótọ́ náà, ó sì ti sú u.

"Kí lo gbọ́?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan, Bàbá."

"Nǹkan kan kẹ̀?" Ìyàwó Bàbá jáde láti kíṣìnnì. "Èmi tí mo wà lọ́hùn-ún ń gbọ́ ọ! Ọ̀gá yín ló rán ọ wá, àbí?"

"Ó tó," ni Bàbá wí. Ó rọra gba ife náà. "Tí òun ò bá gbọ́ ọ, kò sí níbẹ̀. A jẹ́ pé èmi ni mo ṣe é."

"Ẹ̀yin kẹ̀?"

"Mo ti ń rò ó láti ọjọ́ yìí. Mo ní bóyá mo fi káńfọ̀ síbẹ̀, mo wá gbàgbé. Bí ti ẹ̀gbọ́n mi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kó tó di pé kò mọ ọmọ rẹ̀ mọ́. Mo ti pe ọmọ wa lánàá pé kó wá gba kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́ mi, kí n má lọ ti ìyá rẹ̀ mọ́nú ilé."

Onímú wo ọwọ́ tó di ife mú. Kò gbọ̀n. Ọwọ́ ẹni tí orí rẹ̀ pé ni.

"Bàbá, kì í ṣe ẹ̀yin. Imú mi ló kú. Láti ìgbà òjò. Mi ò gbọ́ òórùn káńfọ̀, mi ò gbọ́ òórùn ìgbẹ́ pàápàá. Ọjọ́ tí ẹrù dé, mo kàn fọwọ́ sí ìwé ni."

Ìyàwó Bàbá wá àga, ó jókòó. "O sì dúró, ò ń wò ó, wọ́n lé e."

"Mo dúró, mo ń wò ó, mà."

Bàbá gbé ife náà kalẹ̀. "Nígbà tí mo ní imú rẹ kì í purọ́, o ti mọ̀?"

"Mo ti mọ̀, sà."

"O ò bá sọ fún mi. À bá jọ máa ṣe é. Èmi ì bá máa gbóòórùn, kí ìwọ máa fi ahọ́n tọ́. Ta ni ì bá mọ̀?"

Onímú rò ó pé ká ní Bàbá bú òun ni, ì bá sàn. Ó yọ fóònù, ó pe ọ̀gá níwájú wọn, ó sì jẹ́ kí ohùn jáde síta.

"Ṣé kò lè dúró di Mọ́ńdè ni?" ọ̀gá bi í.

"Kò lè dúró, mà."

Ó sọ ọ́ bó ṣe rí. Kò gùn. Ọ̀gá ní kó gbé fóònù fún Bàbá.

Bàbá tẹ́tí sí i. "Mo gbọ́, ọ̀gá," ló wí. "Ti pé kí n padà sẹ́nu iṣẹ́, a óò sọ ọ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ pe ọmọ mi."

Ó dá fóònù padà fún Onímú láìwò ó lójú, ó fa tirẹ̀ yọ lápò.

"Má wulẹ̀ wá gba kọ́kọ́rọ́ mọ́," ó ń sọ fún ọmọ rẹ̀. "Rárá, ara mi le. Orí mi pé. Mo ní orí mi pé."

Onímú dìde, ó ń wá bàtà rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kó jókòó.