Ilé Ọkọ Mi

Bàtà ẹsẹ̀ kan ni Kàfí wọ̀ tó fi ń ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀kẹta. Ìkejì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì rántí pé òun mú un dání. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, nínú ilé tí wọ́n ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Yarnton Way, ó ń wá ibi tí wọ́n ti kọ ọ́ pé àṣìṣe ni. Wọn ò kọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ ni pé òun àti ọkọ rẹ̀ kò lè rí owó ìrànwọ́ tí wọ́n ń fún àwọn tó ń ra ilé fún ìgbà àkọ́kọ́ gbà, nítorí pé ọkọ rẹ̀ ti ní ilé. Wọ́n tilẹ̀ kọ àdírẹ́sì ilé náà síbẹ̀. Ilé tó dúró sí yìí gan-an ni.

"Ọkọ mi wo?" ló bi ògiri.

Ilé Gbénró nilé náà, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. Ọdún kẹrin rèé tí Kàfí ti Ìjẹ̀bú-Òde wá bá Bashiru ọkọ rẹ̀ ní London, yàrá kan lókè ni àwọn méjèèjì àti Anisah ọmọ wọn sì ń gbé. Kò sẹ́ni tó fìyà jẹ ẹ́ níbẹ̀, ká má parọ́ mọ́ èèyàn. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ń tọrọ àyè kó tó gbé ìkòkò kaná, tó ń fọwọ́ bo ọmọ lẹ́nu kí onílé má baà jí, oorun wo ló fẹ́ sùn? Nígbà tí wọ́n tẹ òǹtẹ̀ sínú ìwé ìrìnnà rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1993 yìí, pé kó máa gbé ìlú náà láìsí gbèdéke, fọ́ọ̀mù owó ìrànwọ́ yìí ló kọ́kọ́ lọ gbà. Tọkọtaya ni wọ́n ń fún. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ ní òǹtẹ̀, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì gbọ́dọ̀ tíì nílé rí, ìbáà ṣe níbí, ìbáà ṣe lẹ́yìn odi. Kàfí ti rí ilé oníyàrá méjì kan nítòsí Woolwich Dockyard. Ó ti fi ẹsẹ̀ wọn ilé ìdáná rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Bashiru ti gbé ọkọ̀ jáde láti ìdájí, búrẹ́dì ló ń gbé kiri ṣọ́ọ̀bù. Kàfí wọ bàtà kejì, ó sáré mú Anisah lọ sí jẹ́léósinmi, ó sì bọ́ sínú bọ́ọ̀sì. Àga ṣófo rẹpẹtẹ, ìdúró ló dúró dé Woolwich.

Ọ́fíìsì náà wà lókè ṣọ́ọ̀bù kan ní Powis Street. Maureen, òyìnbó obìnrin tó ń bójú tó ìwé wọn, ṣí fáìlì, ó fi bírò tọ́ka sí ìlà kan.

"Ìwọ lo sọ ọ́ fún mi lórí fóònù. Mo bi ọ́ pé ta ló ni ilé tí ẹ ń gbé. O ní ọkọ ẹ ni."

Ara tu Kàfí débi tó fi rẹ́rìn-ín. "Háà! Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni mò ń sọ."

"Kí ló dé tó o fi pè é ní ọkọ ẹ?"

"Ọkọ mi náà ni."

Maureen gbé bírò sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ọkọ ẹ jẹ́ mélòó?"

Ẹ gbà mí! Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ ṣàlàyé ẹ̀ fún òyìnbó, nígbà táwọn èèyàn tò sẹ́yìn ẹni, pé gbogbo ẹni tí wọ́n ti bí sínú ilé kí ìyàwó tó wọ̀ ọ́ lọkọ ìyàwó, tọkùnrin tobìnrin, títí kan ọmọ tí kò tíì lè fọ imú ara rẹ̀? Ẹyin lohùn, lóòótọ́. Èyí tó bọ́ lẹ́nu Kàfí lórí fóònù ti fọ́ sórí ìwé.

"Ọ̀kan ni mo fẹ́," ló wí. "Àwọn tó kù, ọ̀wọ̀ la fi ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀."

Maureen kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ní kí ó lọ gba lẹ́tà wá lọ́wọ́ onílé, pé Bashiru kò ní ìpín kankan nínú ilé náà. Bí lẹ́tà bá dé kí aago mẹ́rin tó lù, òun á tún ìwé wọn gbé yẹ̀ wò. Bí kò bá dé, owó náà di ti àwọn ẹlòmíràn lọ́jọ́ Ajé.

Gbénró ń tún bàtà ṣe, ó sì ń gé kọ́kọ́rọ́, nínú ṣọ́ọ̀bù tóóró kan lẹ́bàá ibùdó ọkọ̀ ojú irin Woolwich Dockyard. Ó ti tì í nígbà tí Kàfí débẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ ni, ó ti lọ kírun. Kàfí dúró, kò lè dúró. Ó rìn lọ wo ilé oníyàrá méjì náà, ó padà wá. Ó tún lọ, ó tún padà. Ní ìgbà kẹta, ìyá arúgbó kan ṣí fèrèsé, ó sì ń wò ó bí ẹni ń wo olè. Aago mẹ́ta ku ogún ìṣẹ́jú kí Gbénró tó yọ.

"Ọkọ mi, ẹ káàbọ̀, sà. Ọlọ́run á gbà á o."

"Àmín. Ìyá Anisah, ṣé kò sí nǹkan?"

Ó rò ó fún un, àtibi fóònù dé ibi ọkọ mélòó, ó sì ń retí kí àwọn jọ rẹ́rìn-ín. Gbénró kò rẹ́rìn-ín.

"Wọ́n ní kí n kọ ọ́ pé Bashiru ò ní share nínú ilé yẹn?"

"Line kan péré ni, sà. Ẹ kàn máa sign ẹ̀."

Gbénró mú kọ́kọ́rọ́ kan, ó wò ó, ó dá a padà. "Kò tíì sọ fún ẹ?"

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọdún tó ṣáájú dídé Kàfí ni báńkì tí Gbénró fẹ́ fi owó wọn ra ilé sọ pé owó tó ń wọlé fún un nìkan kò lè gbé ilé náà. Bashiru wá fi orúkọ tirẹ̀ kún un. Orúkọ àwọn méjèèjì ló wà lórí ìwé ilé títí di òní.

"Mo rò pé o mọ̀," ni Gbénró wí. "Tó o bá ń tọrọ kíṣìnì lọ́wọ́ ìyàwó mi, mo máa ń sọ fún un pé ìyàwó yìí mà mọ̀wàá hù o."

Inú bí Kàfí. Ó bí i sí Bashiru, ó bí i sí ara rẹ̀, ó bí i sí gbogbo "ẹ jọ̀ọ́, sà" àti "ẹ ṣé, mà" ọdún mẹ́rin. Òótọ́ ni ó sọ lórí fóònù, òun nìkan ni kò mọ̀.

Gbénró ti fa ìwé kan yọ. "Jẹ́ n kọ ọ́ fún ẹ. Ta ló fẹ́ check ẹ̀?"

Kàfí wo bírò náà. Kò sí ohun tó wù ú tó pé kí bírò náà rìn. Ṣùgbọ́n òun ni yóò gbé irọ́ náà lọ síwájú Maureen, òǹtẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn ló sì wà nínú ìwé ìrìnnà òun, kì í ṣe ti Gbénró.

"Ẹ má kọ ọ́, sà."

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló dé ọ́fíìsì. Maureen na ọwọ́ fún lẹ́tà.

"Kò sí lẹ́tà. Ilé ọkọ mi ni."

"Ọkọ wo?"

"Àwọn méjèèjì."

Maureen wò ó títí. "Orúkọ tìẹ ńkọ́? Ó wà níbẹ̀?"

"Rárá. Èmi ò nílé rí."

"Ó ṣe mí láàánú. Ojú kan ni òfin owó yìí fi ń wo tọkọtaya. Ohun tó bá ní, ìwọ náà lo ní." Ó pa fáìlì dé.

Ọkọ̀ búrẹ́dì Bashiru wà ní ìkángun Powis Street, níbi tí wọn kì í gbé ọkọ̀ sí. Gbénró ti tẹ̀ ẹ́ láago níbi iṣẹ́, ó hàn lójú rẹ̀. Ó na ọwọ́ láti inú, ó ṣí ilẹ̀kùn fún Kàfí.

"Ìyá Anisah, ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ sọ ọ́. Bùrọ̀dá ló ń sanwó ilé. Orúkọ lásán ni tèmi. Ojú ń tì mí láti pè é ní ilé mi. Mo rò pé àwọn òyìnbó yẹn ò ní mọ̀." Ó gbá èérún búrẹ́dì kúrò lórí àga. "Wọlé, ká lọ gbé Anisah, ká máa lọ sílé."

"Bashiru."

Ó gbójú sókè. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe yìgì, Kàfí kò pe orúkọ yẹn sí i létí rí. "Dádì Anisah" ló ń pè é, kí wọ́n tó bí Anisah, "ẹ̀yin" ni.

"Ilé ta ni?"

Bashiru wo ọwọ́ ìtọ́kọ̀, ó wo àwọn ẹyẹlé tó ń ṣa èérún lójú pópó. Ohùn rẹ̀ kéré nígbà tó dáhùn. "Ilé wa ni."

Ọ̀rọ̀ tí Kàfí ti ń retí láti ọdún mẹ́rin nìyẹn, ó dé nírọ̀lẹ́ yìí, láti ẹnu ọkọ rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn ọkọ̀, kò tíì wọlé. Ó ń ka àwọn èèyàn tó wà nínú "wa" náà, kò sì mọ̀ bóyá òun wà níbẹ̀.