Ìlà Kẹta Nínú Fọ́ọ̀mù

Ọdún kejì tí ìyàwó Aláago kú ni bàbá tó ń tún aago ṣe yìí pinnu pé òun yóò sin paramọ́lẹ̀. Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí kò sin ajá. Ó ní ajá máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà de ẹni tí kò ní padà wá mọ́, òun kò sì lè máa wo irú ojú bẹ́ẹ̀ nínú ilé. Ejò kì í retí ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní kó ra èyí tí kò lóró, ó ní bí èèyàn bá máa jẹ ọ̀pọ̀lọ́, kó kúkú jẹ èyí tó lẹ́yin.

Kò fi ṣeré o. Ó kan ilé onígíláàsì, ó fi àgádágodo méjì sí i, ó so gílóòbù sí i lórí kó lè máa móoru, ó gbé abọ́ omi sí i. Ó lọ sí ọsíbítù lọ béèrè bóyá wọ́n ní abẹ́rẹ́ oró ejò. Nọ́ọ̀sì wò ó tẹsẹ̀tórí.

"Bàbá, ṣé kò sí nǹkan mìíràn tẹ́ ẹ lè fi najú ni?"

Lọ́jọ́ tó fẹ́ lọ gbé ejò, obìnrin ọlọ́sìn ejò na fọ́ọ̀mù sí i. Orúkọ. Àdírẹ́sì. Ìlà kẹta ni nọ́ńbà fóònù ẹni tó máa wà nílé nígbà tí ẹ bá ń ṣí ilé ejò. Aláago ka ìlà náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó wá kọ nọ́ńbà kan ṣoṣo tó mọ̀ lórí.

"Ta nìyí?"

"Ìyàwó mi ni."

"Kò burú. Ẹ jẹ́ kí n kí wọn." Obìnrin náà tẹ nọ́ńbà ọ̀hún.

Àpò ẹ̀wù Aláago bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Fóònù náà dún títí tó fi dákẹ́. Ojú ti Aláago débi pé kò lè gbórí sókè. Ojoojúmọ́ ló ń gbé fóònù ìyàwó rẹ̀ sí ṣájì.

"Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́," ni obìnrin náà wí. "Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà, ká má tiẹ̀ sọ èèyàn. Mi ò lè gbé ejò fún yín báyìí. Ẹ lọ wá ẹnì kan wá ná."

"Níbo?"

Obìnrin náà ká fọ́ọ̀mù náà, ó fi lé e lọ́wọ́.

Nígbà tí Aláago délé, gílóòbù ṣì ń tàn sórí abọ́ omi. Ó pa á. Ó yọ fóònù ìyàwó rẹ̀ jáde. Ìpè kan wà lójú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbé, àkọ́kọ́ láti ọdún méjì. Inú rẹ̀ dùn pé ẹnì kan tún béèrè ìyàwó òun. Ìgbà náà ló tó sunkún.