Sẹ́lẹ́rì Nínú Ọbẹ̀, Iyọ̀ Nínú Ṣíbí

Ṣíbí iyọ̀ dúró lófuurufú, láàárín abọ́ iyọ̀ àti àwo iṣu yín. Ọwọ́ yín ló di ṣíbí mú. Ọwọ́ mi ló di ọrùn-ọwọ́ yín mú. Bàbá Mosúnmọ́lá, ọkọ mi, mi ò ní fi í sílẹ̀.

Háà, àfojúdi kí rèé! Ìyá Iléṣà, ẹ̀gbọ́n yín, kò tíì la ẹnu tí ojú wọn ti bú mi tán. Àwọn ló gbé abọ́ iyọ̀ yẹn síwájú yín. Wọ́n ní ọbẹ̀ mi tẹ́. Nísinsìnyí wọ́n wá ní irú ìyàwó wo ló ń gba iyọ̀ lẹ́nu ọkọ, bí ẹni ń já ọmú gbà lẹ́nu ọmọ. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Irú ìyàwó tí mo jẹ́ nìyẹn.

Mo mọ ohun tí iyọ̀ jẹ́. Iyọ̀ la fi wúre fún Mosúnmọ́lá níjọ́ ìsọmọlórúkọ, a tọ́ ọ sí i lẹ́nu, a ní kí ayé rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n iyọ̀ kọ́ ni ayọ̀, olówó orí mi. Lọ́jọ́ tí ẹ̀jẹ̀ yín ru, tí ẹnu yín wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí ẹ ń pe orúkọ mi tí kò já gaara, Ìyá Iléṣà wà ní Iléṣà. Èmi ni mo wà níbẹ̀. Èmi ni dókítà kọjú sí, tó ní bó bá tún ru bẹ́ẹ̀, ó lè gbé yín lọ.

Ọbẹ̀ yìí ò tẹ́! Sẹ́lẹ́rì ló wà nínú rẹ̀, igi rẹ̀ tútù yọ̀yọ̀, mo gé e wẹ́wẹ́ tewétewé, mo dà á lé ata àti ẹja. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ ná. Ó ń ta sánsán, ó sì ní iyọ̀ díẹ̀ tirẹ̀ lára, látọwọ́ Ẹlẹ́dàá. Ìyá Iléṣà ní ewé òyìnbó ni. Kó jẹ́ ti òyìnbó! Tábúlẹ́ẹ̀tì ẹ̀jẹ̀ ríru yín ńkọ́, ṣé Iléṣà ni wọ́n ti ń ṣe é?

Àwọn àgbà ilẹ̀ òkèèrè ti ń se irúgbìn sẹ́lẹ́rì mu tipẹ́tipẹ́, fún oríkèé tó ń ro, fún ẹsẹ̀ tó wú, fún ìtọ̀ tó ń di. Àwọn onímọ̀ òde òní ń yẹ̀ ẹ́ wò, bóyá ó ń mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀. Wọn ò tíì fẹnu kò. Ìyá kan ládùúgbò ní kí n máa lọ̀ ọ́ fún yín, kí n da tábúlẹ́ẹ̀tì nù. Mo ní rárá o! A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ló là á yé mi: tábúlẹ́ẹ̀tì láàárọ̀, sẹ́lẹ́rì nínú ọbẹ̀, kí ẹnu lè gbàgbé iyọ̀. Mo fẹ́ méjèèjì, nítorí pé ẹ̀yin ni mo fẹ́.

Ẹ̀jẹ̀ yín ń lu àtàǹpàkò mi, kì, kì, kì. Ó ń lù, ó ń lù, ó wà níbẹ̀. Ẹ ń wò mí, ojú yín pọ́n. Ẹ ò wò mí báyìí rí láti ìgbà tí a ti fẹ́ra. Ojú ń tì mí, ẹ̀rù ń bà mí. Àmọ́ mi ò tú ọwọ́ yín sílẹ̀.

Ìka yín tú. Ṣíbí já bọ́, iyọ̀ fọ́n sórí tábìlì, funfun báláú. Ìyá Iléṣà pòṣé, wọ́n dìde, wọ́n jáde. Ẹ ò wẹ̀yìn wọn. Ẹ fa àwo mọ́ra, ẹ fi iṣu ra ọbẹ̀, ẹ sọ ọ́ sẹ́nu. Ẹ ń fi ìbínú jẹ ẹ́, ẹ ń rún igi sẹ́lẹ́rì wómúwómú, ẹ kọ̀ ẹ ò wojú mi.

Ẹ máa bínú. Ẹ bínú sí mi lónìí, ẹ bínú sí mi lọ́la, ẹ bínú sí mi títí a ó fi hu ewú. Ẹni tó ń mí ló ń bínú, ọkọ mi. Ẹ máa bínú.